Àwòkọ́ṣe Kì í Ṣe Àwòkọ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ká lọ. Ó kan àwọn ọmọ wa tó fẹ́ di dókítà. Nínú àwa Yorùbá tí a wà ní Manchester yìí, ilé tí kò ní ọmọ kan tí wọ́n ti ń pè ní “dókítà wa” láti kékeré kò wọ́pọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni ilẹ̀kùn máa ń tì fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ ni ọmọ tó wà ní Year 12 yóò ti máa wá personal statement àwọn tó ti wọlé kiri, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àwọn òbí kan ti bi mí pé ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé Mùsùlùmí lè ka ti ẹlòmíràn kó tó kọ tirẹ̀? Bí ó bá lè kà á, ibo ni kíkà ti di irọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé ní Nàìjíríà kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. JAMB ni a ṣe. A jókòó, a dáhùn ìbéèrè, máàkì jáde, ó parí. Kò sí ẹni tó bi wá pé kí ló dé tí a fẹ́ di dókítà. Lẹ́tà tí a sì mọ̀ ọ́n kọ ni èyí tí tíṣà kọ sójú pátákó, tí a dà kọ, tí a kàn yí orúkọ àti àdírẹ́sì padà. Ní ibí, UCAS, àjọ tó ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ní kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ tí kò ju 4,000 lẹ́tà lọ, pẹ̀lú àlàfo àárín wọn, sọ nípa ara rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àròkọ kan ṣoṣo ni. Láti orí àwọn tó fẹ́ wọlé ní ọdún 2026, wọ́n ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ló dé tí o fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Báwo ni ohun tí o ti kọ́ nílé-ìwé ṣe múra rẹ sílẹ̀ fún un? Kí ni o ti ṣe níta ilé-ìwé tó múra rẹ sílẹ̀, báwo ló sì ṣe wúlò? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, “ìwọ” ló wà nínú wọn.

Ní ọdún 2007, UCAS lo sọ́fítíwíà kan láti fi nǹkan bí 50,000 statement wé ara wọn, ti àwọn tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí pani lẹ́rìn-ín, ó sì bani nínú jẹ́. Ọmọ 234 ló sọ pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun fi ohun èèlò kẹ́místrì jó aṣọ tí òun fi ń sùn lu. Gbólóhùn 370 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí iṣẹ́ tí ara ènìyàn ń ṣe ṣe ń jọ ẹni tó kọ ọ́ lójú. Àwọn 175 sọ nípa bàbá àgbà tó ti darúgbó tàbí tí ara rẹ̀ kò yá. Títí di òní, wọ́n ń fi statement tó bá wọlé wé àwọn tó ti wà nílẹ̀. Bí ìjọra bá pọ̀ jù, wọn yóò fi tó ọmọ náà létí, wọn yóò sì fi tó àwọn yunifásítì tó yàn létí, àwọn ni yóò pinnu ohun tí wọn yóò ṣe.

Nígbà tí a bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń mú nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yóò mú wọn. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀: ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ ń kà, kò lè ka ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn 234 yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà tó jó aṣọ rẹ̀ lóòótọ́. Nínú àwọn 175, ó dájú pé àwọn kan tọ́jú bàbá àgbà wọn ní ti gidi. Ẹ̀rọ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó dà á kọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tó gbọ́n, tó jí ìtàn ẹlòmíràn, tó sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, lè kọjá láìsí ẹni tó máa bi í. Bàbá wa máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Bí ìbẹ̀rù pé wọ́n á mú wa bá jẹ́ gbogbo ìdí tí a ní, ìdí wa kò lágbára.

Ẹ wo bí ààwẹ̀ ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló ń ṣọ́ ọmọ wa níléèwé ní ọ̀sán? Ó lè wọ ilé ìwẹ̀, kó mu omi, kó nu ẹnu rẹ̀, kó sì bá wa jókòó síbi ìṣínu bíi pé kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀ kì í mu ún. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ṣe pẹ̀lú òùngbẹ, ó lè ṣe é pẹ̀lú bébà.

Ní ti kíkà, ẹ̀sìn wa kò kórìíra kí èèyàn wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ní ilé kéú, àáfáà ló máa ń kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sórí wàláà, ọmọ á máa tẹ̀ lé ìlà ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi gún. Kò sí ẹni tó pe ọmọ náà ní olè, nítorí kò sọ pé òun lòun ni ọ̀rọ̀ náà. Níbi iṣẹ́ tèmi, ojoojúmọ́ ni à ń lo kóòdù tí ẹlòmíràn kọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ti fi ìwé àṣẹ sára rẹ̀ pé ẹ lè lò ó, kí ẹ ṣáà dárúkọ òun. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ wá iṣẹ́, tí wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ ọwọ́ mi wá kí wọ́n lè mọ ohun tí mo lè ṣe, tí mo wá kó kóòdù ẹlòmíràn sílẹ̀ níwájú wọn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kóòdù kan náà ni, àmọ́ ohun tí wọ́n béèrè ti yàtọ̀.

Ìdí mìíràn wà tí n kò fi lè sọ pé kí àwọn ọmọ wa má ka ti àwọn tó ṣáájú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà láti ìgbà tó ti ń jẹun lórí tábìlì. Ilé-ìwé olówó ńlá ní olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tún irú àkọsílẹ̀ yìí wò. Ọmọ ẹni tó ń wa takisí, tàbí ọmọ ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní òru, lè má mọ ẹnikẹ́ni tó ti kọ ọ́ rí. Statement tó dára tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kà dà bíi fìtílà. Ẹni tó bá ní kó má kà á ń ní kó máa táràrà nínú òkùnkùn.

Èdè wa gan-an ti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú àwòkọ́ṣe, èèyàn wò, ó kọ́, ó ṣe. Nínú àwòkọ, èèyàn wò, ó sì kọ. Àwòkọ kò ní ẹ̀kọ́ nínú, kò sì ní iṣẹ́ nínú. Àlùkùránì sọ fún wa nínú Sūratul-Ahsāb, ẹsẹ 21, pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni àwòkọ́ṣe rere fún wa. À ń wo bí ó ṣe kírun, à ń kọ́ ọ, à ń ṣe é. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa dìde nínú wa kó ní òun ni òun ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ìwà rẹ̀ la lè mú. Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Ibi tí ààlà wà nìyẹn. Personal statement kì í ṣe àròkọ bí àwọn àròkọ yòókù. Ẹ̀rí ni. Ọmọ ń jẹ́rìí nípa ara rẹ̀ níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, wọn yóò sì fi ẹ̀rí náà pinnu ẹni tí wọn yóò fún ní àyè tí kò tó gbogbo àwọn tó ń wá a. A lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí lẹ́nu ẹlòmíràn. A kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ojú wa kò rí.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan wà, zūr, tó túmọ̀ sí irọ́ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè jọ òótọ́. Ó wà nínú hádíìsì mẹ́ta tó yẹ ká gbé kalẹ̀ síbi kan náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a máa ń gbọ́ lọ́dọọdún nínú oṣù yìí: ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ zūr sílẹ̀ àti ìṣe rẹ̀, Ọlọ́hun kò ní bùkátà sí oúnjẹ àti omi tó fi sílẹ̀. Nínú èkejì, obìnrin kan bi Ànábì bóyá òun lè ṣe fún orogún òun bíi pé ọkọ fún òun ní ohun tí kò fún òun. Ó dá a lóhùn pé ẹni tó ń fi ohun tí wọn kò fún un ṣe fọ́ńté dà bí ẹni tó wọ aṣọ zūr méjì. Nínú ẹ̀kẹta, ó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù fún àwọn sàábé rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti nǹkan nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹ̀rí zūr, ó jókòó dáadáa, ó sì ń tún un sọ títí wọ́n fi ń wí nínú ara wọn pé ì bá jẹ́ dákẹ́. Nínú Sūratu Āl-Imrān, ẹsẹ 188, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kí wọ́n máa yìn wọ́n fún ohun tí wọn kò ṣe. Bí mo bá ka gbogbo èyí pọ̀, n kò rí bí ìtàn àyálò nínú statement ṣe lè jẹ́ nǹkan kékeré.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ọmọ wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń yin ara wọn. Òótọ́ ni, a kò tọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ànábì Yúsúfù níwájú ọba Íjíbítì. Ó ní kí wọ́n fi òun ṣe olórí àká ọrọ̀ ilẹ̀ náà, ó sì sọ ohun méjì péré nípa ara rẹ̀: òun mọ nǹkan í tọ́jú, òun sì ní ìmọ̀. Kò fi kún un. Ohun méjèèjì ló bá iṣẹ́ náà mu, àwọn tó bá a gbé nínú ẹ̀wọ̀n sì ti mọ̀ ọ́n sí olódodo. Kí èèyàn sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè kì í ṣe ìgbéraga.

Kò pẹ́ sí àkókò yìí, ìyá kan láàárín wa fi statement ọmọ kan tó ti wọlé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kọ̀ǹpútà yín yí i padà díẹ̀, kó lè jẹ́ ti ọmọ mi. Gbogbo wọn ló ń ṣe é.” Kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ó sì ń bẹ̀rù pé ọmọ òun yóò pàdánù nítorí pé òun kò mọ ẹnì kankan. Mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ pè mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé òun kò ní ìtàn kankan.

Mo ń bi í ní ìbéèrè títí ó fi dórí ìyá àgbà rẹ̀. Òun ló máa ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí màmá náà kò gbọ́ èdè òyìnbó. Ní ọjọ́ kan, màmá ní, “Àyà mi ń já.” Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ pé àyà ń dùn wọ́n. Kíá ni wọ́n ti so wáyà mọ́ màmá láyà láti wo ọkàn wọn. Ìgbà tí wọ́n délé ló tó yé e pé ẹ̀rù ni màmá ń sọ. Wọ́n ti gbọ́ ikú ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìbàdàn, láti ìgbà náà ni wọn kò ti lè sùn. Ó padà lọ sọ fún dókítà náà, ìtọ́jú sì yí padà. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà lòun ti ń ronú nípa àwọn aláìsàn tí kò ní ọmọ-ọmọ tó lè padà lọ. Ọmọ yìí ló ní òun kò ní ìtàn. Òun àti màmá rẹ̀ ti gbà kí n sọ ọ́ fún yín láì dárúkọ.

Ìyá àgbà ló wà nínú rẹ̀, bí bàbá àgbà ṣe wà nínú àwọn 175 yẹn. Jíjọ kò sọ ọ́ di irọ́. Statement tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá lò ó, ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú yàrá dókítà kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ náà ṣì ń retí èsì. N kò mọ̀ bóyá yóò wọlé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọ́n bá bi í nípa gbólóhùn èyíkéyìí nínú rẹ̀, kò ní wá ibi tí yóò sá gbà.

Fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ogún. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹni náà ṣe sílẹ̀, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tó lò: báwo ló ṣe kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ bọ́ sórí ohun tó kọ́? Kí ló fi sílẹ̀ láì sọ? Lẹ́yìn náà, ẹ pa á dé, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá, ẹ wá kọ tiyín láì ṣí i mọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi í léèrè: níbo ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà wo, kí ni mo rí? Gbólóhùn tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ yọ ọ́. Ní Manchester níbí, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kéékèèké ni wọ́n máa ń ṣe, láti ọ̀dọ̀ olùbéèrè kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Ẹlòmíràn kò ní bá yín jókòó níbẹ̀.

Bákan náà ni ti ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi ìwé yín ránṣẹ́, UCAS yóò ní kí ẹ jẹ́rìí pé ẹ kò dà á kọ láti ibì kan, àti pé kì í ṣe AI ló kọ ọ́ fún yín. Ẹ lè lò ó láti bi í bí wọ́n ṣe ń tò ó tàbí ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé ni. Bí ó bá kọ ọ́ fún yín, ẹ ti fi ẹnu ara yín jẹ́rìí èké. Olùkọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá tún gírámà yín ṣe kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá fi ìrírí tí ẹ kò ní kún un kò ràn yín lọ́wọ́.

Fún ẹ̀yin òbí, ọmọ wa kò lè sọ pé rárá fún wa bó ṣe wù ú. Bí a bá gbé ti ẹlòmíràn fún un pé kó yí i padà, àwa la kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé ayé tirẹ̀ kò tó, àwa náà la sì kọ́ ọ pé a lè tún ẹ̀rí ṣe bí nǹkan bá ṣe pàtàkì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lọ́jọ́ iwájú, aláìsàn yóò sùn níwájú rẹ̀ láì mọ nǹkan kan nípa oògùn, ohun tí dókítà bá kọ sílẹ̀ ni yóò gbà gbọ́. Ní Oxford Street, nítòsí yunifásítì wa, ni ìgbìmọ̀ MPTS tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn dókítà ti ń jókòó. Wọ́n lè dá dókítà dúró, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà, àìṣòótọ́ sì wà lára ohun tó ń gbé èèyàn dé iwájú wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣínu lónìí, tí ẹ ti kírun, ẹ pe ọmọ yín jókòó. Ẹ má tíì bi í nípa máàkì. Ẹ bi í pé kí ló rí tó mú kó fẹ́ tọ́jú èèyàn. Bó bá ní òun kò ní ìtàn, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tún un bi.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ohun tí wọ́n ń wá ní ọ̀nà hàláálì, kó fi àlúbáríkà sí i, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rí ẹnu wọn àti tiwa jẹ́ òótọ́ láyé àti lọ́jọ́ tí ẹnu kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àámín. Ẹ kú ìṣínu o.